Síso àmúyẹ ìwádìí pọ̀ nínú Java

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Java àti Spring Data JPA (irinṣẹ́ tí ó ń jẹ́ kí ètò Java wá nǹkan nínú ibi ìkó-dátà-sí) ni mo fi ń kọ ètò kan tí ó ń bá àwọn ènìyàn wá ilé tí wọ́n fẹ́ gbà. Oníbàárà lè sọ ìlú, owó ilé tí agbára rẹ̀ ká, iye yàrá, tàbí pé ilé tí ó ṣófo nìkan ni òun ń fẹ́. Ó sì lè fi èyíkéyìí sílẹ̀. Àwọn mẹ́tọ́ọ̀dù (abala kóòdù tí a fún lórúkọ láti ṣe iṣẹ́ kan) bíi findByCityAndRentLessThan ti wá pọ̀ jù. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Àmúyẹ mẹ́rin tí ènìyàn lè mú tàbí kí ó fi sílẹ̀ máa ń di àkópọ̀ 16, ẹ̀karùn-ún yóò sì sọ ọ́ di 32, nítorí náà kò sí bí ẹ ṣe lè máa kọ mẹ́tọ́ọ̀dù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Specification, ìyẹn àmúyẹ ìwádìí kan tí a lè so mọ́ òmíràn, ni kí ẹ lò. Ó wà nínú Spring Data JPA tẹ́lẹ̀, orí Criteria API (ọ̀nà láti fi kóòdù Java kọ ìbéèrè sí dátà) tí ó dé pẹ̀lú JPA 2.0 ní ọdún 2009 ni ó sì dúró lé. Ẹ jẹ́ kí repository yín (apá ètò tí ó ń wá dátà) jogún JpaSpecificationExecutor, kí ẹ wá kọ àmúyẹ kọ̀ọ̀kan sínú mẹ́tọ́ọ̀dù tirẹ̀, pẹ̀lú orúkọ tí ó fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn, bíi inCity tàbí vacant. Ìlà kan sábà máa ń tó:

return (root, query, cb) -> cb.equal(root.get("city"), city);

Kìkì àwọn tí oníbàárà bá sọ ni kí ẹ kó jọ, kí ẹ fi Specification.allOf so wọ́n pọ̀, kí ẹ sì gbé e fún findAll, mẹ́tọ́ọ̀dù tí ó ń mú èsì wá.

Ibi tí ó gba ìfarabalẹ̀ jùlọ ni or (“tàbí”). Nínú SQL, èdè tí a fi ń bi ibi ìkó-dátà-sí léèrè, AND (“àti”) máa ń ṣáájú OR, ṣùgbọ́n mẹ́tọ́ọ̀dù Java kò mọ òfin yẹn: bí ẹ bá ṣe tò wọ́n ni wọn yóò ṣe so pọ̀. Bí ẹ bá kọ vacant().and(inCity("Ìbàdàn")).or(inCity("Ọ̀yọ́")), gbogbo ilé Ọ̀yọ́ ni yóò jáde, títí kan èyí tí ayálégbé ń gbé inú rẹ̀ lọ́wọ́, kò sì sí àṣìṣe kankan tí Java yóò tọ́ka sí. Inú àkámọ́ and ni kí or wà:

vacant().and(inCity("Ìbàdàn").or(inCity("Ọ̀yọ́")))

Ẹ tún kíyè sí join, ìyẹn síso tábìlì dátà kan mọ́ òmíràn. Àmúyẹ kọ̀ọ̀kan tí ó bá pe root.join yóò ṣẹ̀dá join tirẹ̀, èyí sì lè mú kí ilé kan ṣoṣo jáde lẹ́ẹ̀mẹta nítorí pé ó ní àwòrán mẹ́ta. Fún irú àmúyẹ bẹ́ẹ̀, cb.exists (tí ó kàn ń wò bóyá nǹkan wà) pẹ̀lú subquery (ìbéèrè kan nínú òmíràn) ni èmi fara mọ́ jù, nítorí pé kì í sọ ilé kan di púpọ̀, iye tí ẹ bá kà yóò sì bá iye ilé tí ó wà mu.