Koríko òkun Florida Bay: ẹ má fi oṣù kìíní dá a lẹ́jọ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá koríko òkun tẹ́ ẹ rí nítòsí Islamorada, ìlú erékùṣù kan létí Florida Bay ní gúúsù Florida, Amẹ́ríkà, lóṣù kìíní ti kú, àti bóyá ká dáwó jọ láti gbin òmíràn. Kò kú o. Ewé kúkúrú, tí nǹkan funfun bí eruku bò lórí, tí èyí tó já sì kún etí omi: bó ṣe máa ń rí nígbà òtútù nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi bá àwọn tó ń ṣọ́ koríko yìí ṣiṣẹ́, mo sì ti fojú ara mi rí bó ṣe ń kú. Inú ooru ló ti ń kú.

Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni turtle grass. Ìdí ló ti ń dàgbà, bí èékánná. Bá a ṣe ń mọ bó ṣe ń yára tó nìyí: a ó bẹ̀rẹ̀ sínú omi, a ó fi abẹ́rẹ́ gún ìdí àwọn ewé tó so pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, a ó fi àmì síbẹ̀, a ó sì padà wá lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ihò ara ewé àgbà kò ní kúrò lójú kan. Ti ewé ọ̀dọ́ á ti gòkè, ohun tó bá sì wà láàárín rẹ̀ àti ibi tí ihò ewé àgbà wà ló jẹ́ ewé tuntun. Èyí tí kò ní ihò rárá, ẹ̀yìn tá a lọ ló yọ. Lóṣù kẹfà, ihò yẹn á ti gòkè dáadáa. Lóṣù kìíní, díẹ̀ ló máa ń sún. Oòrùn kì í pẹ́ lójú ọ̀run nígbà náà, atẹ́gùn tútù láti àríwá sì lè mú kí omi tí kò jìn tutù wálẹ̀ sísàlẹ̀ 20°C, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí 28 sí 30 ni koríko yìí fẹ́. Ohun tó kó pamọ́ sínú gbòǹgbò ló ń jẹ. Torí pé ewé ò pààrọ̀ kíákíá, àwọn ohun ẹlẹ́mìí wẹ́wẹ́ ń ráyè dì mọ́ ọn lára. “Eruku” tẹ́ ẹ rí nìyẹn.

Òpin ẹ̀ẹ̀rùn ni kẹ́ ẹ máa bẹ̀rù. Bíi tilé náà ni, oṣù karùn-ún ni òjò Florida ń bẹ̀rẹ̀. Florida Bay ò jìn, òkìtì ẹrẹ̀ sì pín in sí yàrá yàrá, omi òkun kì í ráyè wọlé jáde dáadáa. Tóòrùn bá ń fa omi yẹn lọ fún oṣù mélòó kan, iyọ̀ ló ń ṣẹ́ kù. Omi Everglades, irà ńlá tó wà ní àríwá rẹ̀, ló máa ń ṣàn wá là á tẹ́lẹ̀, kó tó di pé àwọn kánáàlì tí wọ́n gbẹ́ darí púpọ̀ nínú rẹ̀ gba ibòmíràn lọ sókun.

Lọ́dún 2015, òjò ò rọ̀ tó. Iyọ̀ omi òkun jẹ́ nǹkan bíi gírámù 35 nínú kìló kan. Láàárín Florida Bay lọ́dún yẹn, ó kọjá 60. Omi tó gbóná tó sì níyọ̀ báyẹn kì í gba ọ́síjìn púpọ̀ mọ́ra. Koríko fúnra rẹ̀ sì ń mí lóru. Kílẹ̀ tó mọ́, ọ́síjìn ti tán. Gáàsì olóró inú ẹrẹ̀ wá gba gbòǹgbò wọlé dé ìdí ewé, ibi tó ti ń dàgbà gan-an. Ẹrẹ̀ funfun ibẹ̀ kò ní irin tó lè de gáàsì náà mọ́lẹ̀. Mo di ewé kan mú, mi ò tíì fà á tó fi bọ́ sí mi lọ́wọ́. Òkè rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Ìdí rẹ̀ ti dúdú, ó rọ̀, ó ń rùn bí ẹyin òbu. Irú ewé bẹ́ẹ̀ ló léfòó káàkiri. Nǹkan bí éékà 40,000 ló kàn. Ó dùn mí wọra, torí pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1987, ó sì pẹ́ gan-an kí koríko tó padà sípò.

Nítorí náà, ẹ má wo gígùn ewé. Ẹ rọra fọwọ́ pín in, kẹ́ ẹ wo ìdí. Tó bá funfun, tó le, tó sì di ilẹ̀ mú, ó wà láàyè. Ní ti gbígbìn, mi ò fara mọ́ ọn. Lẹ́yìn 1987, shoal grass tí ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ padà fúnra rẹ̀, kí turtle grass tó tẹ̀ lé e. Tówó bá wà, ẹ jẹ́ ká fi ti àwọn tó ń jà pé kí omi Everglades padà ṣàn wá síbẹ̀ lẹ́yìn. Edé tí wọ́n ń kó ní Tortugas, lójú òkun níwọ̀-oòrùn ibẹ̀, inú koríko yìí ló ti ń dàgbà.

Ẹ padà débẹ̀ lóṣù kẹfà tàbí ìkeje. Tójò ò bá tíì rọ̀ dáadáa, ẹ mú ohun tí wọ́n fi ń wọn iyọ̀ àti ọ́síjìn dání, kẹ́ ẹ sì débẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́. Tẹ́ ẹ bá dúró dìgbà tóòrùn yọ, koríko á ti tún máa tú ọ́síjìn sínú omi, ẹ ò sì ní mọ ohun tójú rẹ̀ rí lóru.