Ẹ Bi Wá Léèrè: Káàdì Iléeṣẹ́ Tuntun

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dá iléeṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀ l'Abẹ́òkúta, iná sólà la ń bá àwọn èèyàn ṣe. A fi CorelDRAW, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà, ya káàdì fúnra wa, a sì gbé e lọ tẹ̀ ní Ṣómólú. Ìlà tí a fà yí i ká fẹ̀ lápá kan ju èkejì lọ, àwọ̀ ewé tó ń tàn yanranyanran lójú kọ̀ǹpútà sì ṣú. Ibo la ti ṣì í ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú orí ire iléeṣẹ́ tuntun. Ẹ má tíì dá atẹ̀wé lẹ́bi. Káàdì púpọ̀ ni wọ́n máa ń tẹ̀ sórí abala ìwé kan, wọ́n á wá to abala jọ sábẹ́ ẹ̀rọ ìgéwèé. Bí abẹ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ìwé lè sún ní mìlímítà kan. Bí ìlà yín bá wà ní mìlímítà 2 sí etí, apá kan á di 1, èkejì á di 3, ojú á sì rí i kíá. Ẹ yọ ìlà náà kúrò pátápátá.

Ìwọ̀n káàdì tó wọ́pọ̀ jẹ́ íǹṣì 3.5 ní ìbú àti 2 ní gíga, ìyẹn mìlímítà 89 sí 51. Ẹ jẹ́ kí àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá etí ní mìlímítà 3 yíká, kí gbogbo rẹ̀ di 95 sí 57. Àlékún yìí làwọn atẹ̀wé ń pè ní bleed. Bí kò bá sí, tí abẹ bá yẹ̀ díẹ̀, funfun tín-ín-rín á yọ létí. Lẹ́tà àti lógò ní tiwọn kò gbọdọ̀ sún mọ́ etí ju mìlímítà 4 lọ.

Ní ti àwọ̀, ìmọ́lẹ̀ ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣe tirẹ̀, yíǹkì mẹ́rin sì ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò. Yíǹkì kò lè tàn bí iná. Ẹ fi fáìlì sí CMYK (àwọ̀ yíǹkì mẹ́rin yẹn) láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe RGB (àwọ̀ ìmọ́lẹ̀), kẹ́ ẹ lè rí àwọ̀ tó máa jáde kẹ́ ẹ tó sanwó. Lẹ́tà dúdú kéékèèké ń fẹ́ K (yíǹkì dúdú) 100 nìkan, kí yíǹkì mẹ́ta yòókù, C, M àti Y, wà ní òdo. Bí yíǹkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pàdé lórí lẹ́tà kékeré, tí ọ̀kan sì yẹ̀, lẹ́tà á ní òjìji.

Ẹ má gba lógò lórí WhatsApp bí fọ́tò, ó máa ń fún un pọ̀ títí kò fi ní hàn kedere mọ́. Kí wọ́n fi ránṣẹ́ bí document.

Ohun kan tún wà: bí ó bá jẹ́ orúkọ òwò lásán lẹ fi sílẹ̀ ní CAC (àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀), tí nọ́ńbà yín bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú BN, ẹ má kọ Ltd sí i. Iléeṣẹ́ tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú RC ló ni ín.

Ìbéèrè: Orúkọ iléeṣẹ́ mi ní ẹ́ àti ọ̀ nínú. Nígbà míì àmì á fò sí ẹ̀gbẹ́, nígbà míì á di àpótí. Dísáínà ní kí n yọ àmì kúrò.

Ìdáhùn: Ẹ má yọ ọ́ o! Orúkọ yín ni. Nínú kọ̀ǹpútà, ẹ, ọ àti ṣ ní ààyè tiwọn, á àti è náà ní. Ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní ààyè kan ṣoṣo. Lẹ́tà la kọ́kọ́ ń tẹ̀, àmì ohùn á wá gùn ún lórí. Fọ́ǹtì (irú lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà) tí wọn kò kọ́ ní ibi tí àmì ń jókòó sí ló ń gbé e sọnù. Ẹ lo Noto Sans, Gentium tàbí Charis SIL. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Ẹ fi lẹ́tà ńlá dán an wò, Ẹ́ àti Ọ̀, torí ibẹ̀ ni fọ́ǹtì ti sábà máa ń kọsẹ̀.

Ẹ tún fẹ ààyè àárín ìlà sí i: bí lẹ́tà bá jẹ́ pọ́íǹtì 8, kí ìlà sí ìlà jẹ́ 11, kí àmì abẹ́ ìlà òkè má baà kan àmì ohùn ìlà ìsàlẹ̀. Bí ohun gbogbo bá pé, ẹ mú lẹ́tà gbogbo, ẹ tẹ Ctrl+Q nínú CorelDRAW kó di curves, ìyẹn àwòrán lẹ́tà lásán, kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ di PDF. Fọ́ǹtì tí kò sí lórí kọ̀ǹpútà atẹ̀wé kò lè ba nǹkan jẹ́ mọ́. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà tí ẹ kò tíì yí, torí curves kò ṣeé tún kọ.

Ìbéèrè: Mélòó ni kí n tẹ̀, ṣé kí n sì fi QR, àmì onígun tí fóònù ń kà, sí i?

Ìdáhùn: Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 100 lórí ẹ̀rọ digital, tí kò nílò plate. Offset, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá, ń gba plate (páànù ìtẹ̀wé) mẹ́rin fún ojú kọ̀ọ̀kan, owó plate kan náà sì ni, ì báà ṣe 100 tàbí 5,000 lẹ tẹ̀. Ìwé 300 sí 350 gsm (bí ìwé ṣe wúwo tó) ló dáa. Ẹ fi laminate, ọ̀rá tín-ín-rín, bo iwájú, kí ẹ fi ẹ̀yìn sílẹ̀, kí báírò lè mú un: oníbàárà a máa fẹ́ kọ iye tàbí ọjọ́ síbẹ̀.

QR dáa bó bá gbé èèyàn lọ sí WhatsApp yín tààrà. Ẹ kọ wa.me/234, kí nọ́ńbà yín tẹ̀lé e láìsí òdo iwájú. Kó tó sẹ̀ǹtímítà 2 níbùú lóròó, kó dúdú lórí funfun, kí funfun sì yí i ká. Ẹ ní kí wọ́n tẹ ẹyọ kan, kí wọ́n bo òun náà ní laminate. Ẹ fi fóònù méjì yàtọ̀ síra ka QR náà lábẹ́ iná, torí laminate tó ń dán lè máa kọ mọ̀nà. Lẹ́yìn náà, ẹ wo nọ́ńbà tó wà lórí káàdì, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ mọ̀ sórí, kí ẹ pè é. Bó bá dún lápò yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ ìyókù.