Kí ló dé tí ìtọ́jú endometriosis fún obìnrin tó ṣì fẹ́ bímọ fi ń ná ilé ìwòsàn lówó tó bẹ́ẹ̀?

Ohun tó fà á jù ni pé ìtọ́jú náà kì í sábà tán lẹ́ẹ̀kan. Endometriosis ni kí ẹran ara tó jọ awọ inú ilé ọmọ máa hù níbi tí kò yẹ, bíi lára ilé ẹyin. Bí dókítà bá gé e kúrò, tó sì dá ilé ọmọ àti ilé ẹyin sí nítorí ọmọ, àìsàn náà lè padà, kí iṣẹ́ abẹ mìíràn tún di dandan. Òògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tó lè dẹ̀rọ̀ ìrora náà kò wọ́n, àmọ́ obìnrin tó ń wá ọmọ kò lè lò ó. Àwọn kan á tún nílò IVF, ìyẹn kí wọ́n so ẹyin obìnrin pọ̀ mọ́ àtọ̀ ọkùnrin níta ara, kí wọ́n tó gbé e sínú ilé ọmọ.

Ìwádìí kan ní orílẹ̀-èdè 10, tó jáde ní 2012, rí i pé ìtọ́jú obìnrin kan ń gba nǹkan bíi yúrò 3,100 lọ́dún; iṣẹ́ abẹ ló kó ìdá 29 nínú 100 rẹ̀. Èyí tó dùn mí jù ni pé àdánù iṣẹ́ tí àìsàn náà ń fà fún obìnrin ọ̀hún tó ìlọ́po méjì iye yẹn, kò sì sí nínú ìṣirò ilé ìwòsàn.