Bàbá Ìbejì, ọtí lo ṣì ń mu

Bàbá Ìbejì tó ń ránṣọ l'Òkè-Fìà kọ̀wé sí mi. Ó ní ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹnu òun ti kan bíà gbẹ̀yìn, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́wàá tó fi ń mu ìgò ńlá mẹ́rin lójúmọ́. Ó ní ìtara tóun fi bẹ̀rẹ̀ ti ń tutù. Ọdún Ọ̀ṣun tún ń bọ̀, àwọn ọ̀rẹ́ á dé láti Èkó àti Ìbàdàn, wọ́n á máa fi ọtí lọ òun. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ọ̀rọ̀ ìṣírí tí màá máa kà láràárọ̀ kí ìpinnu mi má baà yẹ̀."

Mi ò ní ọ̀rọ̀ ìṣírí kankan fún ọ. Gbólóhùn kan wà láàárín lẹ́tà rẹ tí o sáré kọjá lórí rẹ̀, bí ajigbèsè ṣe ń sáré kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹni tó jẹ lówó. Ohun tí o kọ nìyí: "Agbo jẹ́dí nìkan ni mo ṣì ń mu, ife kékeré méjì láàárọ̀ kí ọwọ́ mi lè dúró kí n lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́, àti ẹyọ kan lálẹ́ kí n lè rí oorun sùn." Bí o ṣe sọ ìyẹn tán lo bọ́ sórí ọ̀rọ̀ Ọ̀ṣun.

Agbo wo, Bàbá Ìbejì? Ṣé ìwọ àti èmi la fẹ́ jọ máa tan ara wa ni? Kò sí ẹni tó dé ìdí agbo l'Óṣogbo yìí tí wọn ò ní bi pé, "Olómi àbí ọlọ́tí?" Olómi, omi tàbí omidùn ni wọ́n fi rẹ ẹ́. Ọlọ́tí, inú ògógóró ni egbò náà ń sùn. Mi ò tí ì gbọ́ egbò jẹ́dí tó ń mú ọwọ́ tó ń gbọ̀n láàárọ̀ dúró. Ọtí ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, o sì mọ̀, torí bí o bá rò pé jẹ́dí ni ò ń wò, ìdí ni ìbá máa dùn ọ́, kì í ṣe ọwọ́.

Jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ náà. Bí ọtí tó wà nínú bíà bá jẹ́ 5 nínú 100, tí ti ògógóró alágbo sì jẹ́ 40 nínú 100, tí ife kékeré yẹn gba 5cl, ife mẹ́ta tí ò ń mu lójúmọ́ kò yàtọ̀ sí bíà ìgò ńlá 60cl méjì gbáko. Ìyẹn tó bá jẹ́ 40 ni o. Ta ló ń wọn ògógóró wò kó tó da egbò sí i? Nítorí náà, mẹ́rin lo dín kù sí méjì. N kò ní o ò gbìyànjú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé o dín in kù lo sọ fún mi, kì í sì í ṣe ohun tí o sọ fún Ìyá Ìbejì nìyẹn.

Ìyá Ìbejì! O kọ ọ́ pẹ̀lú ayọ̀ pé ìyàwó rẹ ti jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́, pé pásítọ̀ pè ọ́ síwájú, ó gbé ọwọ́ lé ọ lórí. Ìwọ náà dúró síbẹ̀, agbo òwúrọ̀ wà níkùn rẹ. Ó dùn mí fún obìnrin yẹn. Mo tún rí i pé ẹ̀rí yẹn gan-an ló tì ọ́ mọ́ igun ògiri: o ò lè sọ òótọ́ mọ́ kó má dà bíi pé o sọ ọ́ di òpùrọ́ níwájú ìjọ. Kò sí ọ̀nà mìíràn. Òun ni kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, lálẹ́ òní, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti sùn. Bó bá bínú, jẹ́ kó bínú.

Ẹ̀yin yìí pọ̀ lọ́wọ́ mi. Ẹnì kan ní òun ti fi ọtí sílẹ̀, ẹmu nìkan lòun ń mu, torí igi ló ti ń wá. Òmíràn ń fa ọtí inú ọ̀rá méjì kó tó gun ọ̀kadà jáde láàárọ̀, ó ní òtútù lòun fi ń lé. Obìnrin kan tó jẹ́ aṣáájú nínú ìjọ rẹ̀ kò fi ẹnu kan bíà rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè sùn láìmu bítà fún ìbàdí ríro. Bí mo bá sì bi wọ́n léèrè, wọ́n á ní, "Màmá, oògùn ni o."

Ibi tí ọ̀rọ̀ tìrẹ ti wá le jù nìyí, ìdí rẹ̀ sì ni mo ṣe dá ọ lóhùn kíákíá. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n láàárọ̀ tó sì ń dúró tí ọtí bá wọlé, kì í ṣe àìní ìtara, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpinnu. Ara rẹ ti di ara tí kò lè ṣe láìsí ọtí. Ọtí máa ń mú kí ọpọlọ falẹ̀. Bí ó bá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́wàá, ọpọlọ á kọ́ láti máa sáré ju bó ṣe yẹ lọ kó lè borí rẹ̀. Ọjọ́ tí o bá gba ọtí kúrò lójijì, eré yẹn kò ní dúró. Láàárín nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ lẹ́yìn èyí tí o mu kẹ́yìn, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òógùn á máa bò ọ́, àyà rẹ á máa já, oorun ò ní kun ojú rẹ. Ka wákàtí tó wà láàárín agbo alẹ́ àti ìgbà tí o jí, wàá rí i.

Nítorí náà, gbọ́ mi dáadáa, torí mo mọ irú yín. O lè ka èyí tán kí ojú tì ọ́, kí o da agbo nù lálẹ́ òní láti fi han Màmá pé ọkùnrin ni ọ́. Má dán an wò! Ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, gìrì lè gbé ọ ṣánlẹ̀ lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ. Nígbà tó bá di ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, àwọn mìíràn a máa rí ohun tí ẹlòmíràn ò rí, ara wọn á gbóná, wọn ò ní mọ ibi tí wọ́n wà mọ́. Èèyàn lè kú sí i. Ẹni tó fi sìgá sílẹ̀ lójijì lè máa kanra mọ́ gbogbo ilé, kò ní pa á. Ti ọtí lè pa ẹni tó ti bá a lára bíi tìrẹ.

Wọ́n sì ń kú sí i láàárín wa láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dárúkọ ọtí. Ní àdúgbò tí mo gbé tẹ́lẹ̀, awakọ̀ kan fi ọtí sílẹ̀ nítorí ìlérí tó ṣe fún ìyá rẹ̀. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tó fi ń lé ewúrẹ́ tí kò sí níbẹ̀ kúrò nínú yàrá. Àwọn ẹbí ní ayé ti ṣe é, àwọn ọ̀tá ò fẹ́ kó dára. Wọ́n gbé e lọ síbi àdúrà, wọ́n so ọwọ́ àtẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n gba ààwẹ̀ lé e lórí. Omi ni ara rẹ̀ nílò, àti dókítà. Ibẹ̀ ló kú sí.

Ọsibítù ni kí o lọ. Ti ìjọba tó wà ní Asùbíàrò kò jìnnà sí ọ, ọsibítù ńlá ti UNIOSUN, tí púpọ̀ nínú wa ṣì ń pè ní LAUTECH, náà wà l'Óṣogbo yìí. Má sọ fún wọn pé ibà ló ń ṣe ọ́. Sọ pé, "Ọtí ni mò ń mu lójoojúmọ́, mo fẹ́ fi sílẹ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n." Sọ iye rẹ̀ gan-an, kí o ka agbo mọ́ ọn. Wọ́n ní oògùn tó ń mú ọpọlọ rọlẹ̀, tí wọ́n á máa dín kù lójoojúmọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan títí ara rẹ á fi balẹ̀. Wọ́n á tún fún ọ ní fítámì B1, torí ọtí máa ń jẹ́ kó gbẹ lára, àìsí rẹ̀ sì lè ba ojú, ìrìn àti iyè èèyàn jẹ́. Bí wọ́n bá ní kí o rí dókítà ọpọlọ, lọ. Bí wọ́n bá tilẹ̀ dárúkọ Àrò l'Ábẹ́òkúta, má sá. Wọ́n ń tọ́jú ọ̀mùtí níbẹ̀, ẹni tó ń sọ pé wèrè nìkan ló ń lọ síbẹ̀ kò mọ nǹkan kan.

Nípa ọ̀rọ̀ ìṣírí tí o ń wá kiri, Bill Wilson wà lára àwọn méjì tó dá ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1935. Kí ọ̀mùtí máa gba ọ̀mùtí níyànjú ni gbogbo iṣẹ́ ẹgbẹ́ yẹn. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ní New York ni òun fúnra rẹ̀ wà ní Dìsẹ́ńbà 1934 nígbà tó fi ọtí sílẹ̀. Ìtọ́jú ló kọ́kọ́ gbà, ìyànjú tẹ̀ lé e.

Tí ara rẹ bá ti balẹ̀ tán, ọ̀rọ̀ ìtara á wá kù díẹ̀. Òùngbẹ ọtí a máa ga, a sì máa lọ sílẹ̀, ìgbà púpọ̀ kì í tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Jẹun kí o tó jáde nílé, torí ebi máa ń mú un le. Oorun lè má dán mọ́rán fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, má torí ìyẹn padà sídìí agbo. Àwọn ọ̀rẹ́ tó ń bọ̀ láti Èkó, sọ fún wọn pé dókítà ní kí o má mu, yóò ti di òótọ́ nígbà náà. Ti Ọ̀ṣun, mi ò tilẹ̀ rí ohun tí o ń bẹ̀rù. Omi ni àwọn èèyàn ń bù lódò, àwọn oníléeṣẹ́ ọtí ló gbé àgọ́ tiwọn wá. Tẹ̀ lé Arugbá bí o bá fẹ́, kí o gba ilé lọ.

O ní aṣọ ẹbí àwọn èèyàn pọ̀ nílẹ̀, pé o ò lè ti ṣọ́ọ̀bù kí ọdún tó kọjá. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ ńkọ́? Pín in fún wọn. Títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ dókítà, má fi kún agbo yẹn, má sì dá a dúró fúnra rẹ. Láàárọ̀ ọ̀la, kí ìwọ àti Ìyá Ìbejì jọ lọ. Bí gìrì bá mú ọ tàbí tí o bá ń rí ohun tí kò sí níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ó gbé ọ lọ lóru yẹn, kó má dúró de pásítọ̀. Bí àwọn oníbàárà bá bi àwọn ọmọ iṣẹ́ léèrè ibi tí o wà, kí wọ́n sọ pé ara ọ̀gá ò yá. Wọn ò purọ́.