Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bọ̀ wá sí kọ́ńfáráǹsì ní UI Ìbàdàn, ẹ tètè ka eléyìí

Ẹ̀gbọ́n wa láti Kánádà, ẹ kú ètò o. Ẹ ní UI ti gba pépà yín, pé òyìnbó kan tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ máa bá yín wá láti Jámánì, pé ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ wálé kẹ́yìn, kí lẹ máa kọ́kọ́ ṣe? Bẹ́ ẹ ṣe máa kúrò l'Ékòó dé Ìbàdàn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rò, torí òun ló máa sọ irú fláìtì tẹ́ ẹ máa rà.

Tó bá jẹ́ alẹ́ ni báálù yín máa balẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ ọkọ̀ Ìbàdàn lóru yẹn. Ẹ sùn ní Ìkẹjà. Sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ojú ọ̀nà yẹn ò láàánú, ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé náà ò sì ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Tréènì ni mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá ń lọ sí UI. Láti 2021 ló ti ń gbé èrò, Alágoméjì ní Ẹbúté Mẹ́ta ló ti ń gbéra, ó ń dúró l'Ágége tó sún mọ́ Ìkẹjà, ó gba Abẹ́òkúta, Mọ́níyà ló parí sí. Ibẹ̀ gan-an ló ti dùn, torí Mọ́níyà, Òjòó, UI, ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n wà, ẹ ò ní í wọ àárín ìlú rárá kẹ́ ẹ tó dé géètì. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí orúkọ orí ẹ̀ bá ti ID yín mu, kẹ́ ẹ sì wo àsìkò tó ń gbéra lọ́jọ́ yẹn dáadáa torí kì í dúró de èrò bí ọkọ̀ gáréèjì. Ẹni tó bá ní títì lòun máa gbà, kó jẹ́ àárọ̀ kùtù, kó sọ fún dẹ́rẹ́bà pé Ìwó Road sí Òjòó lòun ń lọ, torí tí wọ́n bá já a sí Challenge, ìdàkejì ìlú ni wọ́n já a sí yẹn.

Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà yín ńkọ́? Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lónìí. Tẹ́ ẹ bá fi ti Kánádà nìkan wọlé, àlejò ni ìmígíréṣọ̀n máa kà yín sí, ẹ máa gba físà. Ti ará Jámánì yẹn, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti máa gba tiẹ̀, wọ́n ti fi rọ́pò èyí tí wọ́n ń gbà ní èápọ́ọ̀tù láti oṣù karùn-ún 2025, fọ́ọ̀mù ìwọlé àti ìjáde náà ti di orí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí àwọn tó ń ṣètò tètè kọ lẹ́tà ìpè fún un. Yẹ́lò káàdì, ìyẹn káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, gbogbo yín lẹ máa mú un dání, ẹ gba abẹ́rẹ́ ẹ̀ ó kéré tán ọjọ́ 10 kẹ́ ẹ tó dé.

Owó wá. Káàdì báǹkì òkè òkun lè kọ̀ lójijì nídìí POS, ẹ má gbára lé e. Tránsífà ni gbogbo ayé ń ṣe báyìí, títí kan àwọn oní-Micra, nítorí náà tẹ́ ẹ bá ṣì ní àkáǹtì nílé, ẹ dán áàpù ẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó kúrò lọ́hùn-ún. Síìmù tuntun ò ṣeé rẹ́jísítà fún ọmọ Nàìjíríà láìsí NIN. Ohun tó ń dùn mí jù ni ti síìmù àtijọ́: tẹ́ ẹ bá ti pa á tì fún ìgbà pípẹ́, nọ́ńbà yẹn lè ti di ti ẹlòmíì, OTP báǹkì yín á wá máa lọ sọ́dọ̀ ẹni tẹ́ ẹ ò mọ̀ rí. Ẹ pe báǹkì kíákíá, kí wọ́n yí nọ́ńbà yẹn padà.

Ilé àlejò, UI Hotels wà nínú ọgbà, Bódìjà náà ò jìnnà. Ẹ bi wọ́n wákàtí mélòó ni wọ́n ń tan jẹ́nẹ́rétọ̀ lóru. Pílọ́ọ̀gì wa jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta bíi ti ìlú ọba, ẹ ra àdápútọ̀, ohunkóhun tó bá jẹ́ fóltéèjì 110 nìkan, ẹ fi sílẹ̀ ní Kánádà, á jóná.

Ó ku ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì. Ní 2022, oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi daṣẹ́ sílẹ̀. Kẹ́ ẹ tó sanwó fláìtì, ẹ kọ ímeèlì sí àwọn tó ń ṣètò, ẹ bi wọ́n tààrà pé tí ìyanṣẹ́lódì bá dé, ṣé wọ́n máa sún un síwájú ni àbí orí Zoom ni wọ́n máa gbé e lọ, kẹ́ ẹ sì ra tíkẹ́ẹ̀tì tó ṣeé yí déètì ẹ̀ padà, kódà tó bá wọ́n ju èkejì lọ.