Awò ìkàwé kì í ba ojú jẹ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Ẹni ọdún 48 ni mí, ọjà Bódìjà ni mo ti ń tajà. Ọdún tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ adùn ìwé Yorùbá. Ọmọ mi ra ìwé Fágúnwà kan fún mi, mo kà á tán, mo tún wá bá ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Kọ́lá Akínlàdé pàdé, mi ò fẹ́ gbé e sílẹ̀ mọ́. Àmọ́ tó bá ti di alẹ́, ọ̀rọ̀ á máa wọnú ara wọn, àfi kí n na ìwé jìnnà. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n má lo awò, pé tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, ojú mi á bàjẹ́ pátápátá. Òògùn kan wà tí bàbá rẹ̀ ń kán sójú, ló bá ju awò nù. Ṣé kí n ra òògùn náà, àbí kí n dín ìwé kíkà kù?

ÌDÁHÙN: Ẹ má dín ìwé kíkà kù, mà, ẹ má sì ra òògùn yẹn. Bẹ́ ẹ bá ti rà á, ẹ má kán an mọ́.

Ìwé tẹ́ ẹ kà lọ́dún tó kọjá kọ́ ló ṣe ojú yín báyìí. Ọjọ́ orí ni. Ohun kan wà lẹ́yìn ọmọlójú tá à ń pè ní lẹ́ńsì. Nígbà tá a wà lọ́mọdé, ó rọ̀. Tá a bá fẹ́ wo ohun tó súnmọ́ wa, iṣan inú ojú á jẹ́ kó wú díẹ̀ láàárín, ohun tá à ń wò á sì hàn kedere. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ló ń le, ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń fura tí wọ́n bá ti lé lẹ́ni ọdún 40. Presbyopia là ń pè é. Ẹni tí ò kàwé rí náà ò lè sá fún un. Aránṣọ á na abẹ́rẹ́ jìnnà kó tó lè ki òwú bọ̀ ọ́, ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà lọ́jà yín á máa fọwọ́ wá ohun tó ń fojú rí tẹ́lẹ̀. Ìwé ló kàn jẹ́ kí ẹ̀yin tètè mọ̀.

Ti alẹ́ tẹ́ ẹ sọ, bí iná bá ṣe kéré tó ni ọmọlójú ń fẹ̀ tó, tó bá sì ti fẹ̀, àìríran tó fara pamọ́ lọ́sàn-án á jáde síta. Iná tó kéré máa ń mú kó rẹ ojú, kì í bà á jẹ́. Tí wọ́n bá ti mú iná lọ, ẹ jẹ́ kí iná láńtà oníṣáájì yín bọ́ sórí ìwé, kó má tàn sí yín lójú.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín ló ń dùn mí, torí mo ń gbọ́ ọ ṣáá, ó sì ti gba ìwé lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Awò kì í wọnú ojú. Iwájú ojú ló dúró sí, ó ń tẹ ìmọ́lẹ̀ kó tó wọlé, kò lè fọwọ́ kan lẹ́ńsì inú lọ́hùn-ún, kò lè mú un le, kò sì lè mú un rọ̀. Kí ló wá dé táwọn èèyàn fi gbà pé ó ń ba ojú jẹ́? Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú awò 1.50 (nọ́ńbà agbára awò nìyẹn) nígbà tó wà lẹ́ni ọdún 45 lè nílò 2.00 tó bá di ẹni ọdún 50, á ní awò ló fà á. Ẹ mú ojúgbà rẹ̀ tí kò lo awò rí wá, kẹ́ ẹ yẹ ojú rẹ̀ wò ní ẹni ọdún 50: nǹkan bíi 2.00 yẹn náà lòun máa nílò! Lẹ́ńsì ń le lọ ní tiẹ̀, bóyá ẹ lo awò, bóyá ẹ ò lò ó. Tó bá sì ti tó nǹkan bí ẹni ọdún 60 sí 65, kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà mọ́. Ìdí kejì ni pé ẹni tó bá ti fi awò rí lẹ́tà tó mọ́ kedere kò ní lè fara da èyí tó ṣú mọ́. Ojú rẹ̀ ò burú ju ti àná lọ, ó kàn ti rí ohun tó ń pàdánù ni.

Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì sọ fún mi pé Yorùbá ń sá kúrò lórí òun, pé ẹ̀ẹ̀mejì lòun ń ka gbólóhùn kan kó tó yé òun. Mo gbé ojú ìwé kan fún un. Kò rí àmì kankan lábẹ́ ẹ, kò rí i lábẹ́ ọ, àmì ohùn tó wà lórí lẹ́tà sì dà bí eruku lójú rẹ̀. Mo fi awò 2.00 sí i lójú. Ó dákẹ́, ó wá ń fi ìka tọ́ àwọn àmì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn nìkan ló kéré jù lójú ìwé Yorùbá, àwọn ló máa ń kọ́kọ́ pòórá. Èèyàn á rò pé òun ò mọ èdè bàbá òun kà, bẹ́ẹ̀ awò ló nílò.

Bàbá ọ̀rẹ́ yín ńkọ́? Mi ò tíì rí wọn, mi ò lè búra. Àmọ́ tí àgbàlagbà tó ti ń lo awò bá ṣàdédé ń kàwé láìlò ó mọ́, ohun tá a kọ́kọ́ máa ń fura sí ni cataract, ìyẹn ni pé lẹ́ńsì inú ojú ti ń ṣú. Bó ṣe ń ṣú, agbára rẹ̀ lè yí padà, ohun tó wà nítòsí á hàn fúngbà díẹ̀, tòkèèrè á máa ṣókùnkùn. Tó bá yá, tìtòsí náà á tún ṣú. Òògùn á gba ìyìn, àìsàn á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kí ọ̀rẹ́ yín tètè mú bàbá lọ rí dókítà ojú.

Mi ò mọ ohun tó wà nínú ìgò yẹn, ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Àwọn kan nínú òògùn ojú tí wọ́n ń tà kiri ní steroid nínú. Ó máa ń jẹ́ kí ojú tó pọ́n tètè mọ́, ni inú oníbàárà fi ń dùn. Téèyàn bá ń kán an lọ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, ó lè gbé ìfúnpá inú ojú sókè, kó sì pa iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ. Glaucoma nìyẹn. Kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀, ohun tó bá sì ti mú lọ kò ṣeé gbà padà. Àìsàn yìí wọ́pọ̀ láàárín àwa èèyàn dúdú, pàápàá níbi tó bá ti ń ṣe òbí tàbí ẹ̀gbọ́n ẹni.

Òtítọ́ ni pé òògùn kan wà tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2021 fún presbyopia, pilocarpine lorúkọ rẹ̀. Ó máa ń mú kí ọmọlójú kéré, agbára rẹ̀ ò ju wákàtí díẹ̀ lọ, kì í wo lẹ́ńsì sàn, dókítà sì gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀yìn ojú wò kí wọ́n tó kọ ọ́ fúnni. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà nínú ìgò tí kò lórúkọ.

Ẹ lọ yẹ ojú wò, ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá Ìbàdàn, tàbí lọ́dọ̀ dókítà ojú èyíkéyìí tó níwèé àṣẹ. Ẹ ní kí wọ́n wọn ìfúnpá ojú, kí wọ́n wo ẹ̀yìn ojú, kí wọ́n sì bi yín bóyá ẹ ní àtọ̀gbẹ, torí ṣúgà tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ̀jẹ̀ lè máa yí ìríran padà. Ẹ mú ìwé tẹ́ ẹ̀ ń kà dání, kẹ́ ẹ gbé e bẹ́ ẹ ṣe máa ń gbé e nílé. Bó ṣe jìnnà sí ojú yín ni wọ́n máa fi mọ awò tó bá yín mu. Àwọn awò ọlọ́wọ́ pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà ní Dùgbẹ̀ ò ní pa yín lára tó bá jẹ́ pé ojú yín méjèèjì dọ́gba, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tà á ò lè wọn ìfúnpá ojú fún yín.

Lẹ́tà nìkan ni mo kà, mi ò rí ojú yín. Tí ojú bá ń dùn yín gan-an, tó pọ́n tí kò ríran dáadáa, tí ọ̀kan ṣàdédé ṣú, tàbí tó ń ṣe yín bíi pé aṣọ bo apá kan rẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ dé ilé ìwòsàn. Ẹ má dúró kọ lẹ́tà sí mi.