Àmì ohùn tó ń ṣí kúrò lórí lẹ́tà lórí ìkànnì yín: ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe

Ẹ ní ìkànnì ìròyìn yín ń gbé “ẹ̀kọ́” jáde dáadáa lórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n lórí fóònù àmì ohùn ń sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, àpótí ìwádìí kò rí ọ̀rọ̀ tó wà lójú ìwé kedere, database (ibi tí ìkànnì ń tọ́jú ìròyìn sí) kò sì gba àkọlé tuntun, ó ní ó ti wà tẹ́lẹ̀. Ìṣòro mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ẹ má tíì fọwọ́ kan fọ́ǹtì. Òun ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń pààrọ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Inú ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ́ kan ṣoṣo tí ojú ń rí, ọ̀nà mẹ́rin ni ẹ̀rọ lè gbà tọ́jú rẹ̀ (U+ ni nọ́ḿbà tí Unicode, ètò àgbáyé tó ń fún lẹ́tà àti àmì ní nọ́ḿbà, fún ọ̀kọ̀ọ̀kan): ẹ tó ti ní àmì abẹ́ (U+1EB9) tí ohùn òkè (U+0301) tẹ̀lé; e lásán, lẹ́yìn náà àmì abẹ́ (U+0323), lẹ́yìn náà ohùn òkè; e, ohùn òkè, kí àmì abẹ́ tó dé; tàbí é (U+00E9) tí wọ́n wá ki àmì abẹ́ bọ̀. Akọ̀ròyìn kan ń tẹ tirẹ̀ lórí fóònù, òmíràn ń dà á kọ láti inú Word, ẹ̀kẹta ń mú un láti inú PDF. Ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n lójú ẹ̀rọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí kò jọra ni. Kò sí kóòdù ẹyọ kan fún ẹ́ tàbí ọ̀ nínú Unicode, wọn kò sì ní fi kún un mọ́, torí lẹ́tà àti àmì tó tẹ̀léra ti tó lójú tiwọn. Nítorí náà, ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ ti fi kóòdù JavaScript yìí mú gbogbo wọn di ọ̀kan (NFC ni ìlànà Unicode tó ń so lẹ́tà pọ̀ mọ́ àmì rẹ̀ níbi tó bá ti ṣeé ṣe):

s.replace(/\u0329/g, '\u0323').normalize('NFC')

Kí àkọlé, ara ìròyìn, orúkọ fáìlì àti ọ̀rọ̀ tí òǹkàwé tẹ̀ sínú àpótí ìwádìí kọjá níbẹ̀. Apá àkọ́kọ́ kóòdù yẹn ni wọ́n máa ń gbàgbé. U+0329 ni ìlà kékeré olóòró tí àwọn kan ń fi rọ́pò àmì róbótó abẹ́, bí ó ti rí nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí a fi kẹ́kọ̀ọ́ nílé ìwé. NFC kò mọ̀ pé ohun kan náà ni, kò sì ní tún un ṣe. Bí ìlà bá wù yín ju róbótó lọ, ẹ wá fọ́ǹtì tó ya àmì abẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi kóòdù ṣe é. Ẹ tún wá ş (U+015F), lẹ́tà àwọn ará Tọ́kì, tí àwọn kan ń fi ṣe ṣ (U+1E63). Èyí ni kí ẹ fi ojú wò kí ẹ tó pààrọ̀, torí orúkọ agbábọ́ọ̀lù ará Tọ́kì lè wà nínú ìròyìn eré ìdárayá. Àwọn ìròyìn tó ti wà nílẹ̀ náà gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ kọjá, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ́jú ẹ̀dà database.

Ó wá kan fọ́ǹtì. Bí àmì bá ṣì ń sún lẹ́yìn èyí, fọ́ǹtì náà kò ní ibi ìsomọ́ tó ń sọ ibi tí àmì yóò jókòó sí. CSS (kóòdù ìrísí ojú ìwé) kankan kò lè wò ó sàn. Noto Sans, Gentium àti Charis ní in. Bí ẹ bá rí ẹ tó dúró bí àlejò láàárín àwọn lẹ́tà yòókù, tó sanra tàbí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù wọ́n lọ, kò sí nínú fáìlì tí ẹ gbà nìyẹn, browser lọ yá a níbòmíràn. Google Fonts máa ń pín fọ́ǹtì sí fáìlì kéékèèké: ṣ àti ₦ wà nínú latin-ext, ṣùgbọ́n inú fáìlì vietnamese ni ẹ àti ọ wà. Ẹni tó gba latin nìkan sórí server rẹ̀ ti pàdánù gbogbo wọn. m̀ tún burú díẹ̀, torí m wà nínú fáìlì kan, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà nínú òmíràn. Ohun tó rọrùn jù ni kí ẹ gé fáìlì kan ṣoṣo fúnra yín. Nínú terminal kọ̀ǹpútà tó ní Python, ẹ ṣe pip install fonttools brotli, lẹ́yìn náà:

pyftsubset Fonti.ttf --flavor=woff2 --layout-features='*' --unicodes="U+0020-007E,U+00C0-00FF,U+0143-0144,U+01F8-01F9,U+1E3E-1E3F,U+1E62-1E63,U+1EB8-1EB9,U+1ECC-1ECD,U+0300,U+0301,U+0304,U+0323,U+2013-201D,U+20A6"

Ẹ má yọ layout-features: ibẹ̀ ni ìsomọ́ àmì wà, àwọn irinṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kan sì máa ń gé e dànù kí fáìlì lè fúyẹ́. Ẹ fún line-height (gíga ìlà) ní 1.6, pàápàá fún àkọlé onílẹ́tà ńlá. Bí ó bá jẹ́ 1, orí Ọ̀ àti Ẹ́ lè gé.

Ọ̀rọ̀ database tí kò gba àkọlé: bí MySQL bá ni database yín, MySQL 8.0 ń lo ìlànà ìfiwéra utf8mb4_0900_ai_ci bí ẹ kò bá yan nǹkan mìíràn. “ai” yẹn kò ka àmì sí rárá, nítorí náà ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti oko, ọ̀kan ni gbogbo wọn lójú rẹ̀. Bí ọ̀wọ́ náà bá jẹ́ UNIQUE (tí kò gba ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì), ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ló ni ilé. Ẹ yí i sí utf8mb4_0900_as_ci, tó ń ka àmì sí. Àmọ́ ẹ má sọ ìwádìí di líle bákan náà, torí ọ̀pọ̀ òǹkàwé kì í fi àmì sí nǹkan tí wọ́n bá ń tẹ̀ lórí fóònù. Ẹ fi as_ci wá a lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi COLLATE utf8mb4_0900_ai_ci wá a lẹ́ẹ̀kejì, kí èyí tó bá àmì mu gan-an wà lókè.

Fún líǹkì, ẹ yọ àmì kúrò pátápátá. Lẹ́tà mẹ́ta péré ni “ẹ̀kọ́”, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá da líǹkì rẹ̀ kọ sí WhatsApp, ó lè di %E1%BA%B9%CC%80k%E1%BB%8D%CC%81, lẹ́tà 31. Kóòdù tó ń yọ àmì nìyí (NFD, òdìkejì NFC, ń tú lẹ́tà àti àmì rẹ̀ ká):

s.normalize('NFD').replace(/[\u0300-\u036f]/g, '')

Orúkọ fọ́tò náà ni kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Fọ́tò tí Mac kọ orúkọ rẹ̀ ní NFD, tí ojú ìwé sì ń pè ní NFC, 404 (àṣìṣe “kò rí fáìlì”) ni yóò máa fún yín lórí server Linux.

Ẹ ṣọ́ra fún ibi tí kóòdù ti ń gé ọ̀rọ̀ kúrú. Length “ẹ̀kọ́” ní JavaScript jẹ́ 5, kì í ṣe 3, nítorí náà slice (ìtọ́ni tó ń gé ọ̀rọ̀) lè já àmì kúrò lórí lẹ́tà rẹ̀. Intl.Segmenter ń ka lẹ́tà bí ojú ṣe rí i, àwọn browser ńlá sì ti ní in láti 2024. Bí ẹ bá ń fi SMS kéde ìròyìn, ẹ kan ṣoṣo ti tó láti sọ ojú ìwé lẹ́tà 160 di 70, owó yóò sì lé. Àkọlé tó mọ ní 70 ni kí ẹ máa kọ fún SMS. Kí ẹ má sì fi Intl.Segmenter kà á níbẹ̀, torí ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ń ka àmì ohùn mọ́ ọn.